Ooru Tó Ń Sá Lórí Òkè

Nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe é, Àkọ́bí rò pé ọwọ́ òun ló ṣi bọ́tìnnì yí. Ó ń gbé bàbá rẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún un. Wọ́n ti gun òkè dé ìdajì ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀ bá di tútù lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí fèrèsé. Ó yí bọ́tìnnì híítà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, pàbó ló já sí. Nígbà tí wọ́n sì fi máa sọ̀kalẹ̀ lódìkejì òkè, ooru ti padà dé fúnra rẹ̀, ó ń fẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Àkọ́bí ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí òun ni bàbá kọ́kọ́ bí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe; kọ́tìnnì àti ìbòrí àga ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Láti ìgbà tí kíndìnrín bàbá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ń gbé e lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Ọkọ̀ tó ń wà kì í ṣe tirẹ̀. Ọkọ̀ bàbá ni, èyí tí bàbá fi pín búrẹ́dì kiri ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìyẹ̀fun ṣì há sí ojú ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ó ti gbó gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilé ìwòsàn kì í gun òkè náà lásìkò yìnyín, èyí sì dùn mọ́ bàbá nínú, torí ó ní inú ọkọ̀ wọn ń rùn bí ẹni pé wọ́n ti ń palẹ̀ ènìyàn mọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú bàbá ti fa Àkọ́bí létí. Ó ní bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán, ara bàbá kì í ní agbára láti dá iná ara rẹ̀. Òtútù tí ọ̀dọ́ á kàn fi pawọ́ pọ̀ lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Bí ó bá ń gbọ̀n, kí wọ́n tètè wá ooru fún un. Bí ó bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìsí pé ooru kàn án, kí wọ́n má yọ̀ o. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé.

Nítorí náà, nígbà tí híítà tún sá lórí òkè lẹ́ẹ̀kejì, tí bàbá sì délé pẹ̀lú ètè tó dúdú bí ẹni tó mu yíǹkì, Àkọ́bí gbé ọkọ̀ lọ bá àbúrò rẹ̀.

Àwọn méjì péré ni bàbá bí. Mẹkáníìkì ni àbúrò náà, ọ̀gá sì ni nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ-Ò-Parọ́ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í parọ́, ènìyàn ló ń parọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ ní omi ẹ́ńjìnnì ló lọ sílẹ̀. Ó ṣí rédíétọ̀, omi kún dẹ́nu. Ó yọ irin kékeré tó máa ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí á fi gbóná, ó fi tuntun sí i. Ó wá tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ooru sì tú jáde tó fi ní láti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó dá ọkọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, òtútù.

Ó tún gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní ìdọ̀tí ló dí rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Ó fi omi ṣàn án, ó lé afẹ́fẹ́ tó há sínú omi jáde. Ooru dé ní ṣọ́ọ̀bù, ó sá lórí òkè. Ó pààrọ̀ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí i, ó tiẹ̀ fúnra rẹ̀ wà á yí ká àdúgbò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Híítà ò yẹ̀ rárá.

Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì ara rẹ̀. Bó bá ń wakọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan á máa wà níwájú ihò tí ooru ń gbà jáde, bí ìyá tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó padà lọ bá àbúrò rẹ̀, ó ní nǹkan yẹn ò tíì lọ. Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà.

"Ẹ̀rọ ò parọ́, Àǹtí," ó ní. "Tó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín ni, ẹ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ẹ má kàn di ẹ̀bi ẹ̀ ru híítà."

Abẹ́rẹ́ ti gún Àkọ́bí lọ́wọ́ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n èyí wọlé jù wọ́n lọ. Ó fẹ́ sọ pé ta ló ń fọ aṣọ bàbá, ta ló ń jókòó tì í bí ẹ̀rọ bá ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó ní kó múra, kó bá àwọn lọ lọ́jọ́ tó kàn, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ náà, Àbúrò jókòó sẹ́yìn, lórí àga tí wọ́n gbé sí ibi tí wọ́n máa ń to búrẹ́dì sí nígbà kan. Nígbà àlọ, ooru ò dáṣẹ́ rárá. Òkè náà kò ga púpọ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbéra, ọkọ̀ ò sì nílò láti fipá gùn ún. Àkọ́bí rí ẹ̀rín tí Àbúrò ń gbé mì nínú dígí, ojú sì tì í bí ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n máa parí fífọ ẹ̀jẹ̀ bàbá ní ọ̀sán, yìnyín ti ń já bọ́ bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé bàbá títí dé àgbọ̀n, wọ́n sì gbé e sí àga iwájú. Ojú rẹ̀ ti funfun bí àbẹ́là. Síbẹ̀, ó ṣàwàdà pé òun ti dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n wé fún oníbàárà tó jìnnà.

Ìhà ilé ìwòsàn ni òkè náà ti dúró ṣánṣán bí ògiri. Àpáta ló wà lápá kan ọ̀nà, ọ̀gbun ló wà lápá kejì. Ọkọ̀ ń ké, Àkọ́bí tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀, kò sì pẹ́ ni ooru ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó lọ. Kò dín kù díẹ̀díẹ̀, ńṣe ló lọ pátápátá, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde wá tutù bí èémí ẹja.

Àbúrò na ọwọ́ síwájú. Ó gbé e sí ẹnu ihò náà, ó sì fi í síbẹ̀. Àkọ́bí ò wo ẹ̀yìn. Òun ló jàre, ṣùgbọ́n kò rí adùn kankan nínú rẹ̀, nítorí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà, wọ́n rí ọkọ̀ tó tò gbọọrọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ti yọ̀, ó dùbúlẹ̀ gbàgà dí ọ̀nà lókè. Òṣìṣẹ́ ojú pópó kan tó wọ aṣọ tó ń dán ń ti ibi ọkọ̀ kan bọ́ sí ìkejì. Ó sọ fún wọn pé àwọn ń wọ́ akẹ́rù náà kúrò. Ó ní kò sáàyè àtiyí padà. Bí ọ̀nà bá sì ti là, kí kálukú máa lọ kíá, nítorí àwọn máa ti orí òkè pa.

Wọ́n dúró. Wọn ò tíì dúró pẹ́ tí ooru fi padà dé. Gbígbọ̀n bàbá rọlẹ̀. Ìlà náà sún díẹ̀, Àkọ́bí gùn ún tẹ̀ lé wọn, ooru sá. Wọ́n dúró, ó dé. Wọ́n tún gùn, ó tún sá. Gbogbo ìgbà tó ti ń gba orí òkè yìí kọjá, kò dúró lórí rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ òní.

"Tí mo bá dúró ló ń dé," ó ní. "Tí mo bá ń gùn ló ń lọ. Kì í ṣe ìgbà tó bá wù ú."

Ojú Àbúrò yí padà. Ó ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìsí gíà, kó tẹ tọ́rọ́tù. Ẹ́ńjìnnì bú, ooru ò yẹ̀. Ó wá ní kó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó fi gíà sí i, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa fa ọkọ̀ tí kò lè rìn. Àkọ́bí ṣe é. Ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì, ohun kan sì dún "kó" lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, bí ìgbà tí ìdérí bọ́ lé ìkòkò. Ooru lọ.

Àbúrò fọwọ́ lu itan ara rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wéréwéré, bí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé èrò ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù tó ń darí ooru sí wọn. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà tín-ín-rín kan, fífà yẹn ló sì ń gbé ilẹ̀kùn náà ró. Bí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tó bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń fà dáadáa. Bí ó bá ń fipá gùn, fífà yẹn á rẹlẹ̀. Ó yẹ kí rọ́bà náà di èyí tó wà nínú rẹ̀ mú títí wọ́n á fi gùn tán, àmọ́ bó bá ti là níbì kan, á jò dànù, ilẹ̀kùn á sì ṣubú.

"Mi ò gbé e gun nǹkan kan rí," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń tàn án sí."

Ìgbà yẹn ni bàbá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ṣé a ti já búrẹ́dì ti ṣọ́ọ̀bù igun yẹn sílẹ̀? Máa sáré díẹ̀. Búrẹ́dì ti ń tutù."

Kò sí búrẹ́dì nínú ọkọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wo ara wọn. Bàbá kì í ṣàwàdà báyìí. Ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà kan tí àwọn ò rí.

Lókè, wọ́n ti wọ́ akẹ́rù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ iwájú gbéra. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Ibi tó kù láti gùn ló gùn jù, òun ló sì ga jù, Àkọ́bí sì mọ̀ pé bí òun bá gùn ún nínú òtútù, òkú lòun máa gbé délé. Bí òun bá sì dúró, wọ́n lè ti ọ̀nà mọ́ wọn. Ó rí ibì kan tó fẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀gbun. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó yà sọ́hùn-ún, taya apá kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù ń kọjá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ náà sáré wá, ó ń bínú, ó bi í pé ṣé kò gbọ́ ohun tí òun wí ni. Àkọ́bí fi bàbá hàn án. Ọkùnrin náà wo inú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n ṣe é kíákíá, òun ò lè dá ọ̀nà dúró fún ẹnikẹ́ni pẹ́.

Àbúrò ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yìnyín ń bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì, ó ń dún ṣíì. Àkọ́bí ṣí kóòtù rẹ̀, ó fa bàbá mọ́ra, ó fi ọwọ́ bàbá méjèèjì sí abíyá ara rẹ̀. Wọ́n tutù bí irin. Láti iwájú, Àbúrò ké sí i pé òun ti rí i. Rọ́bà náà là níbi tó ti gba ara irin wọlé sínú dáṣíbọọ̀dù, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kì í dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá fipá ṣe é, ńṣe ló ń fà á ya sí i.

Kò ní rọ́bà mìíràn. Ó bèèrè fún sísọ́ọ̀sì. Àkọ́bí ju tiṣẹ́ rẹ̀ sí i láti inú báàgì, Àbúrò sì fi gé rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí gíláàsì iwájú fún wáípà. Bó ṣe yọ èyí tó ti là kúrò, ilẹ̀kùn kékeré náà ṣubú, òtútù sì kún inú ọkọ̀. Rọ́bà tuntun náà fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu tí ó yẹ kó dì mọ́. Ó gbọ́dọ̀ so ó, ọwọ́ rẹ̀ tó nípọn ò sì wọ ibẹ̀. Ó gbìyànjú títí irin fi bó o lẹ́yìn ọwọ́.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ ni Àkọ́bí ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ara bàbá ti dákẹ́. Kò gbọ̀n mọ́.

Ọkàn rẹ̀ ní kó má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru ara òun nìkan ò lè tó, ó mọ̀. Ó fà á lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Máa bá a sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kó sùn," ó sì jáde pẹ̀lú òwú tó nípọn tó fi ń rán ìbòrí àga.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Apá kan ń jó o, apá kejì ti kú fún òtútù. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ìka rẹ̀ ló ń ríran fún un. Ó wé òwú náà mọ́ rọ́bà, ó fà á, ó ta kókó, ó tú. Ó tún ta á. Láti inú ọkọ̀, ó ń gbọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń bèèrè lọ́wọ́ bàbá pé ṣọ́ọ̀bù wo ló kàn, pé irú búrẹ́dì wo ni wọ́n ń gbà, bíi pé wọ́n ń pín in lóòótọ́. Ìdáhùn bàbá ń jìnnà síra wọn. Ó fi eyín já òwú. Kókó náà di.

Àkọ́bí padà sídìí ọwọ́ ọkọ̀, àmọ́ ọkọ̀ ò kọ́kọ́ gbéra. Taya ń yí lójú kan, ìdí ọkọ̀ ń yọ̀ sí ìhà ọ̀gbun. Àbúrò fa kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ yọ, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ taya, òun àti òṣìṣẹ́ ojú pópó sì fi èjìká tì í. Ọkọ̀ fò sókè, ó gun ọ̀nà. Àkọ́bí ò dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró, ó parí. Àbúrò sáré tẹ̀ lé e, ó sì já wọlé láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ń gùn. Ẹ́ńjìnnì ń ké. Àkọ́bí ń retí ìró "kó" yẹn bí ẹni tó ń retí ẹ̀ṣẹ́. Kò dún. Ooru ń jáde, ó tún ń jáde, kò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kò sí omi fún wáípà mọ́, ẹrẹ̀ tí taya ń ta sókè sì ń bo gíláàsì. Bí wáípà bá ti lọ, ńṣe ló ń kùn ún bí ẹni tó ń fi ọ̀dà kun ògiri. Wọn ò lè ṣí fèrèsé nu ún, kí ooru má bàa jáde. Ó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń gba ojú ihò kékeré kan tí kò ju àwo ife tíì lọ wo ọ̀nà. Àbúrò ń wo ti ẹ̀gbẹ́ fún un: ó ń wí pé kó ya díẹ̀, kó dá a padà, pé àpáta ń bọ̀. Àkọ́bí ò jiyàn. Gbogbo ohun tó bá wí ló ń ṣe.

Orí òkè ni wọ́n wà nígbà tí eyín bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n gan-an, gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì ń mì. Omi bọ́ lójú Àkọ́bí. Inú rẹ̀ ò dùn sí gbígbọ̀n ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n fi máa rí àdúgbò wọn, bàbá ti mọ ibi tó wà. Ó bèèrè ohun tó mú kí ọkọ̀ òun dọ̀tí tó báyìí. Ó wá ní kí wọ́n dín híítà kù, àbí wọ́n fẹ́ sun òun ni. Kò sẹ́ni tó dín in kù.

Àkọ́bí fi bàbá sórí ibùsùn, ó jókòó tì í títí ó fi rí i pé ó sùn oorun gidi. Nígbà tó dé ilé ìdáná, àbúrò rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó ki ọwọ́ sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi náà ti pọ́n. Àkọ́bí fa ọwọ́ náà yọ, ó nu ún, ó fi aṣọ funfun tó ṣẹ́kù lára kọ́tìnnì dì í.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ ò lè parọ́. Mo kàn ń rò ó pé tí ọkọ̀ yẹn ò bá ṣe é gbé bàbá mọ́, wọ́n á ní kó máa gbé ilé ìwòsàn. Kò ní padà wálé mọ́."

Àkọ́bí ta kókó aṣọ náà. Òun náà ti rò ó, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, lórí ibùsùn, nígbà tó bá ń wo ẹ̀jẹ̀ bàbá tó ń yí gba inú ọ̀pá lọ gba inú ọ̀pá bọ̀. Kò sọ fún ẹnì kan rí. Ó ní kí Àbúrò sún, ó sì jókòó tì í lórí ilẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ bí bàbá ti ń hanrun nínú yàrá.